Kíákíá, Mo Ti Yan Alùpùpù Náà

Ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà,
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tí òjò dá.

Kíákíá, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn, mo kí ọ kú àìrí ara ẹni láti ọdún mẹ́ta ó lé oṣù méjì. Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé ara le? Ṣé òrùlé yàrá rẹ kò jò mọ́? Ṣé ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ ìtẹ̀wé yẹn ti dín jíjágbe mọ́ni kù? Bí o bá bi mí, èmi náà wà láàyè, mo dúpẹ́, eyín tó ń dùn mí lọ́jọ́sí ti já fúnra rẹ̀ nígbà tí mo ń jẹun lọ́wọ́, mi ò náwó kankan sí i. Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí n dùbúlẹ̀ àìsàn kò ní jẹ́ kí ìwọ náà dùbúlẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ bá ń lọ, orí rẹ yóò bá a débẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni táyà kò ní bẹ́ mọ́ ọ lábẹ́. Èyí tó gbẹ̀yìn nínú àdúrà yẹn, ọ̀sẹ̀ tó kọjá yìí ni mo fi kún un, ìwọ náà sì mọ ìdí rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rín yóò pa ọ́ pé ta ló ṣì ń kọ lẹ́tà láyé tí a wà yìí. Ohun tó fà á ni pé fóònù tí mo lè dé ìdí rẹ̀ kò ju ti onígbàjámọ̀ lọ, ìwọ náà sì mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò sí ìgbà tí èèyàn mẹ́rin kì í jókòó síbẹ̀, bí mo bá sì ń bá ọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù yẹn, ẹni tí wọ́n ń gẹ irun rẹ̀ lọ́wọ́ á máa bá wa dá sí i. Níjọ́ kan tí mo ní kó bá mi fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ pé àárò rẹ ń sọ mí, ẹni tó wà lórí àga ní kó fi kún un pé mo ti rù. Mi ò rù. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú pẹ́ńsùlù tí mo fi ń fàlà sára pákó, tí mo jókòó ti tábìlì iṣẹ́ mi, tí mo sì ti ilẹ̀kùn. Ibi tí o bá rí tí ìwé yìí ti ya, orí ìṣó ló fà á, kì í ṣe èmi.

Ilé wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Aránṣọ tó wà nílé kejì ní kí n kí ọ, ó ti ra maṣíìnì ìránṣọ tó ń lo iná, nítorí náà bí iná bá lọ, iṣẹ́ ti parí nìyẹn, ó ní ẹsẹ̀ òun ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń tẹ ti àtijọ́. Àwọn ọmọṣẹ́ mi méjèèjì ti lọ. Ọ̀kan ní òun fẹ́ máa ta káàdì fóònù, èkejì kò sọ ibi tó ń lọ, ó kàn nu òòlù mi, ó dá a padà sí àyè rẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ. Mi ò bínú sí wọn. Àga oníke ni gbogbo ayé ń rà báyìí, èyí tí ọmọdé lè fi ìka kan gbé, tí atẹ́gùn náà sì lè fi ìka kan gbé. Iṣẹ́ tí mo ṣe lóṣù yìí kò ju fèrèsé kan àti bẹ́ńṣì méjì tí ilé ẹ̀kọ́ ní kí n tún ṣe lọ. Mo ṣì máa ń se oúnjẹ ẹni méjì. Kì í ṣe pé mo gbàgbé pé o ti lọ, ọwọ́ mi ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń bu ti ẹnì kan. Ajá aránṣọ ló ń jẹ èyí tó bá ṣẹ́kù, ó sì ti sanra débi pé bí àlejò bá dé, ó ń wò wọ́n lásán ni.

Jẹ́ kí n wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, onígbàjámọ̀ pè mí láti òdìkejì ọ̀nà, ó ní kí n máa bọ̀ kíá, pé o ti fi alùpùpù mẹ́ta ránṣẹ́. Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo sáré dé iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo yí lọ sẹ́yìn ilé, mi ò rí alùpùpù kankan. Àṣé inú fóònù ni wọ́n wà. Pupa kan, búlúù kan, dúdú kan, gbogbo wọn sì jẹ́ irú èyí tí èèyàn ń tẹ̀ dojú bolẹ̀ gùn, tó ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. O ní o kò gun alùpùpù rí láyé rẹ, pé èyí tí o máa kọ́kọ́ rà nìyí, o ní ọkàn rẹ wà lára pupa, pé òpin oṣù yìí lo máa sanwó, o wá béèrè pé èwo ni Bàámi fẹ́ràn jù. Onígbàjámọ̀ ní kí n dárúkọ àwọ̀ kan kí òun dá ọ lóhùn, nítorí pé oníbàárà ń dúró. Mo ní rárá o. Ọmọ mi kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi láti ọdún mẹ́ta, ọjọ́ tó wá béèrè, kí n fi àwọ̀ dá a lóhùn? Mo ní kó sọ fún ọ pé kí o fún mi láyè, pé mo máa ṣe iṣẹ́ náà bó ṣe yẹ. Ọjọ́ kọkànlá rèé tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀.

Tépù ni mo kọ́kọ́ mú. Mo wọn pupa lójú fóònù, ínǹṣì méjì ààbọ̀ ni. Mo ṣì ń kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí onígbàjámọ̀ fi ìka méjì fa ojú fóònù náà, ni alùpùpù bá fẹ̀, ó di ínǹṣì márùn-ún. Mo ní kó dá a padà bó ṣe wà, nítorí èwo gan-an nínú méjèèjì ni ẹni tó ń tà á fẹ́ gbé fún ọmọ mi? Ó rẹ́rìn-ín títí kílípà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dojú fóònù náà dé kí n lè rí ẹ̀yìn alùpùpù, nítorí oníṣẹ́ ọwọ́ kì í ra nǹkan láìwo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n ń fi iṣẹ́ burúkú pamọ́ sí, àmọ́ ẹ̀yìn fóònù nìkan ló wà níbẹ̀. Àwòrán tó ń rìn tí o fi ránṣẹ́ mọ́ wọn, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ní kó tún un ṣe. Á ké wìì, á kọjá lọ, bí a bá tún tẹ̀ ẹ́ á tún kọjá lọ, kò dé ibì kankan. Mo ń dúró kí ẹni tó gùn ún ṣí akoto rẹ̀ kí n wò ó bóyá ìwọ ni, kò ṣí i.

Ọ̀rọ̀ akoto yẹn náà ká mi lára díẹ̀. Wọ́n ní èyí tó bo gbogbo orí títí dé àgbọ̀n ló dára jù, mo sì fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣókùnkùn débi pé kò sẹ́ni tó lè mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Bí o bá wá kọjá níwájú àgbàlagbà ńkọ́? Wọ́n á ní ọmọ Káfíńtà ti gun irin, kò kí èèyàn mọ́. Mo rò ó dáadáa, ohun tí mo rí sí i ni pé kí o dín eré kù, kí o ṣí ojú akoto sókè, kí o kí wọn tán, kí o tó pa á dé. Bí àwọn àgbà bá pọ̀ lójú ọ̀nà, kí èyí tó dàgbà jù nínú wọn, Ọlọ́run á rí i pé o gbìyànjú. Mo tún wo ẹ̀yìn pupa yẹn níbi tí ẹnì kejì ń jókòó sí, kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni, kì í ṣe pé mo ní ibì kan tí mo fẹ́ lọ.

Nínú ohun tí o kọ sábẹ́ àwòrán, wọ́n kà á fún mi pé gíga ìjókòó wọn kò dọ́gba. Dúdú jẹ́ ínǹṣì mọ́kànlélọ́gbọ̀n sí ilẹ̀, búlúù jẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n, pupa jẹ́ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ààbọ̀. Ibẹ̀ ni inú mi ti dùn, torí èdè tí mo gbọ́ nìyẹn. Mo kan igi mẹ́rin pọ̀, mo gbé pákó kan lé e gbọọrọ, mo ṣe é kó lè máa lọ sókè kó sì lè máa wá sílẹ̀. Ó wá ku ẹsẹ̀ rẹ. Mo lọ wo àmì tí mo fi ọ̀bẹ fà sára férémù ilẹ̀kùn nígbà tí o pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ṣùgbọ́n orí nìkan ni àmì náà mọ̀, kò mọ ibi tí ẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Mo bá ṣí àpótí rẹ, má bínú, mo mú ṣòkòtò kan jáde, èyí tí o wọ̀ nígbà tí a jọ kun ilé, ọ̀dà ṣì wà lórúnkún rẹ̀. Mo gbé ṣòkòtò náà gun pákó, ẹsẹ̀ kan sọ́tùn-ún, ẹsẹ̀ kan sósì. Ní ti dúdú, ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Ní ti búlúù, etí wọn ló kan ilẹ̀. Nígbà tí mo gbé e dé gíga ti pupa, ńṣe ni ẹsẹ̀ méjèèjì ń fì lófuurufú, mo lè ti ìka mẹ́ta bọ abẹ́ wọn.

Mo fa àga, mo jókòó tì í. Mi ò ní purọ́ fún ọ, mo bá ṣòkòtò náà sọ̀rọ̀. Mo bi í pé bí iná pópó bá dá a dúró, tí ilẹ̀ ibẹ̀ sì tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹsẹ̀ wo ló máa fi gbé gbogbo irin yẹn dúró? Mo ní kó na ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ní ṣé ó ti jẹun. Àṣé aránṣọ ti wà lójú fèrèsé tipẹ́. Ó yí padà láìkí mi, nígbà tó sì fi máa di ìrọ̀lẹ́, èèyàn mẹ́ta ti wá bi mí bóyá mò ń sùn dáadáa, ọ̀kan tiẹ̀ gbé oúnjẹ dání. Mo gba oúnjẹ náà. Mi ò ṣàlàyé, torí bí mo bá ní alùpùpù ni mò ń yàn fún ọmọ mi, wọ́n á ní kí ló wá kan bíbá ṣòkòtò sọ̀rọ̀, bí mo bá sì ní kí n dáhùn ìyẹn, omi á bọ́ lójú mi níwájú èèyàn.

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ bá mẹkáníìkì tó ń tún alùpùpù ṣe ní oríta. Onígbàjámọ̀ kò jẹ́ kí n gbé fóònù lọ, nítorí náà mo ya àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sára pákó pẹlẹbẹ, mo gbé pákó lé èjìká, mo mú un lọ. Mo kọ nọ́ńbà tó wà lára wọn sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀ọ́dúnrún lára dúdú, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lára búlúù, ẹgbẹ̀rún lára pupa. Mo ti rò pé iye èèyàn tó ti gùn ún ni, mo sì ti ń káàánú pupa. Ó ní rárá, pé bí àyè tí epo ti ń jó nínú ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó ni. Ó bu omi láti fi hàn mí. Ti dúdú kò tiẹ̀ kún ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan. Mo ní kí ni ìwọ̀n omi tí mo lè mu tán láìmí lè gbé? Ó ní á gbé ọ dé ibi tí ò ń lọ, bí o kò bá sì ṣọ́ra, á gbé ọ dé ibi tí o kò ní lọ́kàn láti lọ. Pupa jẹ́ lítà kan gbáko.

O kò tíì gbọ́ pé àbúrò mẹkáníìkì yìí kú lọ́dún tó kọjá. Alùpùpù tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì ká ló gùn jáde, èmi ni mo sì kan pósí rẹ̀, mo wọn ọ́n pẹ̀lú tépù kan náà yìí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí pupa lára pákó mi, ó mú àkísà tó fi ń nu ọwọ́, ó fi bò ó, ó ní kí a máa sọ̀rọ̀ nípa àwọn méjì tó kù. Ó ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kì í mọ ìgbà tí ọwọ́ òun ṣì í, pé bó bá ṣì í lórí dúdú, dúdú á dárí jì í, kò sì sí ìdáríjì lára èyí tó tóbi. Ó ní kí o wá èyí tí bírèkì rẹ̀ kì í jẹ́ kí táyà há gádígádí tí ọ̀nà bá tutù. Ó ní èyí tí ẹlòmíràn ti gùn tó sì tọ́jú ni kí o rà, torí pé ìwọ gan-an á gbé e ṣubú dandan, kì í ṣe lórí eré, níwájú ilé rẹ ni, níbi tí o ti ń gbìyànjú láti dúró. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ tà á, fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó tan án, bó bá ti gbóná, wọ́n ti jí i kí o tó dé kí o má baà gbọ́ ikọ́ rẹ̀. Wo ìpẹ̀kun ibi tí wọ́n ń fọwọ́ mú, bó bá ti ha, ó ti ṣubú rí. Kí o sì jókòó sórí rẹ̀ pẹ́, bí ọrùn ọwọ́ bá ti ń ro ọ́ níbi tí kò tíì kúrò lójú kan, kí lo rò pé yóò ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà?

Jẹ́ kí n sọ ohun kan fún ọ tí mi ò sọ rí. Nígbà tí o wà ní kékeré, o máa ń mú ọwọ́ òsì mi, o máa ń ka ìka rẹ̀, tí o bá dé ìka àárín tó kúrú, wàá bi mí pé níbo ni ìyókù wà, èmi á sì ní mo yá ẹnì kan ni. Kò sí ẹni tí mo yá. Ọdún tí mo gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá mi, nígbà tó yẹ kí n ṣì máa fi ayùn ọwọ́ ṣiṣẹ́, mo lọ ra ayùn oníná ńlá, nítorí pé ẹnì kejì mi tí a jọ kọ́ṣẹ́ ra kékeré, mo sì fẹ́ kí wọ́n máa gbọ́ ariwo tèmi láti ojú títì. Ọ̀sẹ̀ kejì ló mú ìka náà lọ. Ayùn náà kò burú, ohun tí wọ́n dá a fún ló ṣe. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Ìka kan ni mo fi kọ́ tèmi, mi ò fẹ́ mọ ohun tí ìwọ máa fi kọ́ tìrẹ.

Nísinsìnyí mo dé ibi tó ń dùn mí. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí àwòrán dé, o tún fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé o ti forúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní alùpùpù, pé wọ́n ní kí o kọ orúkọ ẹnì kan tí wọ́n lè pè sínú fọ́ọ̀mù, pé èmi lo kọ, o sì fi nọ́ńbà onígbàjámọ̀ sí i. Kíákíá, inú mi dùn débi pé mi ò jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìwọ náà mọ̀ pé bí wọ́n bá mú ọmọṣẹ́ wá bá mi, kí n tó fún un ní ìfági, mo gbọ́dọ̀ pe òbí rẹ̀ kí n bi í léèrè bí ọmọ náà ṣe rí, ṣé ó lágídí, ṣé ó ń bẹ̀rù, ṣé ó ń sùn lẹ́nu iṣẹ́. Mo ní àwọn tó ń kọ́ ọ mọṣẹ́ nìyẹn, wọ́n fẹ́ pè mí kí wọ́n bi mí nípa ọmọ mi. Mo fá irùngbọ̀n. Mo gbé bẹ́ńṣì kan lọ síwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, mo dé fìlà tó mọ́, mo jókòó, mo ń dúró.

Mo ti to ìdáhùn mi sílẹ̀. Mo máa sọ fún wọn pé o kò bẹ̀rù ibi gíga, ìwọ lo máa ń gun òrùlé bá mi nígbà tí páànù bá ṣí. Mo máa sọ fún wọn pé o lágídí kí o tó jẹun, tí o bá ti jẹun tán, èèyàn lè bá ọ sọ̀rọ̀. Mo máa sọ pé o kì í sunkún lójú èèyàn, ẹ̀yìn pákó tí mo tò jọ ni o máa ń lọ, nítorí náà bí wọn kò bá rí ọ, kí wọ́n wo ẹ̀yìn nǹkan. Mo máa bẹ̀ wọ́n pé bí inú bá ń bí ọ, kí wọ́n má jẹ́ kí o gùn ún lọ́jọ́ náà, torí pé láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú, bí inú bá ti ń bí ọ ni ẹsẹ̀ rẹ ń yára, ìdí tí a fi ń pè ọ́ ní Kíákíá gan-an nìyẹn, kì í ṣe nítorí iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà pọ̀. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi mí nípa rẹ.

Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi jókòó síbẹ̀. Bí fóònù bá ti dún, màá dìde, màá tún fìlà ṣe, á sì jẹ́ ẹlòmíràn tó fẹ́ mọ̀ bóyá ṣọ́ọ̀bù ti ṣí. Ní ọjọ́ keje, mo bẹ onígbàjámọ̀ pé kó bá mi pè wọ́n, kó béèrè ohun tó ń dá wọn dúró, bóyá nọ́ńbà ti sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó pa kílípà. Ó ní kí ẹni tó wà lórí àga jọ̀ọ́ jáde díẹ̀, o mọ̀ pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Ó wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé Baba, wọn kì í pe nọ́ńbà yẹn bí gbogbo nǹkan bá dáa. Ó ní ó wà fún ọjọ́ tí ẹni tó ni fọ́ọ̀mù kò bá lè fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Mo gbé bẹ́ńṣì mi padà sílé. Ohun tí mo fi ọjọ́ mẹ́fà dé fìlà dè nìyẹn. Mo jókòó, mo ń bẹ Ọlọ́run kó bá mi pa gbogbo ìrètí tí mo ti rò sínú rẹ́, kó má baà rò pé mo tọrọ ìpè yẹn. Láti ìjẹta, bí fóònù yẹn bá dún láti òdìkejì ọ̀nà, ohun tó bá wà lọ́wọ́ mi ń bọ́ sílẹ̀. Mo ń dúró kí n gbọ́ onígbàjámọ̀ kó rẹ́rìn-ín kí n tó lè mí. Aránṣọ ní kí n má lọ síbẹ̀ mọ́. Bí mi ò bá lọ síbẹ̀, ta ló máa gbọ́?

Ohun kejì tún wà nínú ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù yẹn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi lánàá, nígbà tí mo ń gbálẹ̀. Nínú gbogbo èèyàn tó kún ìlú ńlá tí o wà, nígbà tí wọ́n ní kí o kọ orúkọ ẹnì kan, kò sí ẹni tí o rí kọ tó wà nítòsí rẹ. Bàbá arúgbó kan tí kò ní fóònù, tó jìnnà, lo kọ. Mo ti rò pé èmi nìkan ni mo dá wà. Mo ti rò pé o ní ọ̀rẹ́ rẹpẹtẹ lọ́hùn-ún, pé àwọn ló ń gba àkókò rẹ, mo tiẹ̀ ti ń bínú sí wọn díẹ̀. Ọmọ mi, ṣé ìwọ náà ń se oúnjẹ, tí ò ń jẹ ẹ́ ní ìdúró? Ṣé nítorí ìyẹn lo ṣe fẹ́ ra ohun tó ń sáré?

Nítorí náà, dúdú ni mo yàn. Mo mọ̀ pé kì í ṣe òun lo fẹ́. Mo mọ̀ pé kò ní ké bíi pupa, pé àwọn tó mọ alùpùpù á wò ọ́ pé ọmọdé ni ọ́. Jẹ́ kí wọ́n wò ọ́ bẹ́ẹ̀. Gùn ún fún ọdún kan tàbí méjì, kí ọwọ́ rẹ mọ ohun tó ń sọ, nígbà náà bí o bá ṣì fẹ́ pupa, mi ò ní dá ọ lẹ́kun, ìwọ lo ni owó rẹ, ìwọ lo ni ẹsẹ̀ rẹ. Má sì sọ pé o fẹ́ fi dúdú wá sílé wá wò mí. Ọ̀nà wa ti bàjẹ́ ju bí o ṣe mọ̀ ọ́n lọ, táyà irú wọn kò sì wà fún kòtò. Bó ṣe wù mí tó kí n gbọ́ ohùn rẹ̀ kó dúró níwájú ilé, wọ bọ́ọ̀sì.

Ó ku ohun tí mo fẹ́ tọrọ. Mi ò tọrọ owó lọ́wọ́ rẹ rí, má sì jẹ́ kó wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bó bá ṣẹ́kù díẹ̀ lẹ́yìn tí o bá ra dúdú, akoto àti ìbọ̀wọ́, fi owó fóònù kékeré kan ránṣẹ́ sí mi, irú èyí tó ní bọ́tìnnì tó ní tọ́ọ̀ṣì lórí, kì í ṣe olójú gbàgede. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó mú lẹ́tà yìí wá á mú un bọ̀, ó ti bá mi ṣèlérí. Lọ padà síbi tí o ti kọ fọ́ọ̀mù, fi nọ́ńbà onígbàjámọ̀ sílẹ̀ fún wọn bó ṣe wà. Má fún wọn ní ti fóònù tuntun yìí. Ìwọ nìkan ni kí o mọ̀ ọ́n. Kí ó jẹ́ pé bó bá ti dún, màá mọ̀ pé ìwọ ni, ara rẹ le, o kàn ń pè mí pé o ti jẹun, pé òjò ń rọ̀, pé ọ̀gá rẹ tún jágbe. Bí o kò bá ní ọ̀rọ̀ kankan, pè mí bẹ́ẹ̀, kí àwa méjèèjì dákẹ́ sí i.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ ní ìjókòó, yóò ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà. Bírèkì rẹ kò ní tàn ọ́. Ẹni tí kò rí ọ lójú ọ̀nà, Ọlọ́run á bá ọ la ojú rẹ̀. Kí nǹkan kan má ṣe ọ́, ọmọ mi, kí o sì máa pè mí láti sọ fún mi pé nǹkan kan kò ṣe ọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Káfíńtà.